Ìforíbalẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Morita

Bí mo bá jókòó sábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé mi ní Tchaourou lọ́sàn-án, tí oòrùn ń jò wálẹ̀ láàárín ewé, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, n óò sì tún bá ara mi nínú yàrá kan tí wọ́n tẹ́ ẹní sí láti ògiri dé ògiri. Kò sí àga níbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sínú, kì í ṣí síta. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fà sí, bí ìkùukùu ṣe ń fà kúrò lójú òṣùpá. Obìnrin arúgbó kan kúnlẹ̀ láàárín yàrá náà, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró bí òpó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún mi látọjọ́ yìí: "Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń pè mí ní Tata bí ẹni ń pe àǹtí, tẹ́ ẹ ń wá bi mí pé, "Tata Mẹ̀múnà, iṣẹ́ wo ló dáa?" ẹ jókòó. Ó dín díẹ̀ ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn ará Jàpáàn tó wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún wa àti àwọn èèyàn ilẹ̀ wa. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yìn mí. Ẹni tó bà mí lórúkọ jẹ́ jù lọ ló yìn mí jù lọ. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀bùn tó mú wá. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò gùn. Mo yege ìdánwò àṣejáde ní Parakou, bàbá mi tó ń gbin iṣu ní Goro kò ní agbára tí yóò fi rán mi lọ sí Kútọnu, àwọn àlejò yìí sì ń wá ẹni tó gbọ́ Nàgó, Baatonum àti Faransé. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè kẹrin, wọ́n ní àwọn á fi kọ́ mi. Ó parí.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Tanigawa Sensei. Sensei ni wọ́n ń pe olùkọ́. Ìyá náà kéré, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù nígbà gbogbo, kódà nínú ooru oṣù kẹta. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn jagunjagun ní bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń jẹun ní àgbàlá ìjòyè ńlá kan, nígbà tí irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ó ti tẹ́ ẹní tó kó wá láti ilé rẹ̀ sínú yàrá kan tí wọ́n ń kó irin sí tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló fi bẹ̀rẹ̀.

Mo wọlé ní ọjọ́ kìíní, mo fi orúnkún kan ilẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kí ìyá àgbà nílé wa. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n jáde. Mo jáde. Ó ní kí n wọlé. Mo wọlé. Ó ní mo tẹ etí ẹní. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi hàn mí pé ìta ni màá ti kúnlẹ̀. Ọwọ́ tó sún mọ́ ilẹ̀kùn á fà á níwọ̀nba tí ọwọ́ lè gbà wọlé, màá dúró, màá fà á dé àárín, ọwọ́ kejì á wá fà á dé ìparí. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Oòrùn kúrò lórí òrùlé páànù, ó bọ́ sẹ́yìn igi, mo ṣì ń fa ilẹ̀kùn. Orúnkún mi ti kú tán. Kò lù mí, kò bú mi. Ẹ̀ bá mọ bí mo ṣe fẹ́ kó bú mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo bú sẹ́kún. Mo fi Faransé sọ fún un pé, "Sensei, ṣé ẹrú ni mí ni?"

Ó ní, "Wọn kì í kọ́ ẹrú ní èyí. Jókòó."

Ó wá sọ fún mi pé ayé kan wà rí ní ilẹ̀ àwọn, tí ìjòyè ńlá ní ilẹ̀, tó ní àgbẹ̀ tó ń ro ó, tó sì ní jagunjagun tó ń gbé idà méjì sí ìbàdí. Nínú ayé yẹn, àṣìṣe kékeré lè gé orí. Ẹni tó bá já wọlé lójijì, ọ̀tá ni. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fa ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó wà nínú lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Bí jagunjagun bá jókòó lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, apá ọ̀tún ló ń gbé idà rẹ̀ sí, nítorí láti apá òsì ni ọwọ́ ọ̀tún ti ń yọ ọ́. Bó bá ti wà ní ọ̀tún, òun kò bá tìjà wá nìyẹn. Àlejò pàtàkì á jókòó síbi tó jìnnà sí ilẹ̀kùn jù lọ, nítorí ẹnu ọ̀nà ni ikú ń gbà wọlé.

Mo bi í pé, "Etí ẹní ńkọ́?"

Ó ní àwọn kan sọ pé àmì ìdílé onílé ni wọ́n máa ń hun síbẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti tẹ bàbá onílé lórí. Àwọn kan sọ pé ọ̀tá lè sá sábẹ́ ilé, kó ti idà bọ àárín ẹní méjì. "Èmi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n."

Ó ní ìjòyè ti lọ, idà ti di ohun tí wọ́n ń lọ wò nínú ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí. Síbẹ̀, títí di òní, bí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá wọ takisí, ẹ̀yìn awakọ̀ ni ọ̀gá ń jókòó. Bí wọ́n bá wọ àpótí tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé alájà púpọ̀, ọmọ iṣẹ́ á dúró ti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gá á wà ní kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ta ló fẹ́ fi idà pa á níbẹ̀?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò sí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi rẹwà."

Mo wá rántí ìyá ìyá mi. Ó máa ń sọ fún wa pé bí àwọn Wasangari, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin Borgou, bá ń kọjá láyé àtijọ́, àgbẹ̀ á bọ́ sínú koríko, á ṣí fìlà, á lóṣòó, kò ní gbójú sókè títí eruku ẹṣin á fi wálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò bá ayé wọn pé, àmọ́ bó bá gbúròó ẹṣin títí ó fi kú, á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo sọ èyí fún Sensei. Ó ní bákan náà ni ní ilẹ̀ àwọn, bí ìjòyè bá ń kọjá pẹ̀lú èrò rẹ̀, àgbẹ̀ á dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dìde, ó bu tíì fún mi fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo rò pé ìyà ti tán.

Ó ní, "A jẹ́ pé o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lórí ẹní yẹn. Mo kọ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà sọ "ẹ wá jẹun", kí àṣìpè ipò má bàa tàbùkù ẹnikẹ́ni. Mo kọ́ pé láyé àwọn ìjòyè, ilé márùn-ún ni wọ́n máa ń so pọ̀ láwọn abúlé: bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, márààrún jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá wọn fi ń tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Mo kọ́ pé ipò ni wọ́n ń tẹrí fún ju ọjọ́ orí lọ. Èyí ló ṣòro fún mi jù, nítorí ní tiwa, ẹni tó bá ti ṣáájú ẹni rí oòrùn, ó ti ṣáájú ẹni.

Ẹ̀kọ́ tó fi lé mi lọ́wọ́ gbẹ̀yìn ni èyí: "Ògbufọ̀ kò ní ara. Bí àwọn ńlá méjì bá ń sọ̀rọ̀, ìwọ ni dígí ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ń rí dígí, dígí náà dọ̀tí." Mo gbé ẹ̀kọ́ yìí mì bí ẹni gbé oògùn mì. Ìgbà tó ń padà sílé, a dúró ní ibùdókọ̀ ojú irin Tchaourou nínú ọyẹ́, ó tẹrí ba fún mi títí ọkọ̀ fi bọ́ sínú kùrukùru. Mi ò tún rí i mọ́.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tún wà nínú iṣẹ́ náà, Kàsímù ará Tchatchou. Òun ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́dún mẹ́fà tàbí méje, ó ga, eyín rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tí kì í fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti rí mi tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé, á pariwo láti orí ẹ̀rọ pé:

"Ìyàwó Jàpáàn! Ṣé wọ́n ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mí?"

Mo máa ń fèsì pé, "Wọ́n ti kọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ ló kàn. Ẹ wá ká jọ kọ́ ọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Eyín lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Alafiarou. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti jìyà tó. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ síbẹ̀ nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu kànga yípo, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kàsímù fẹ́ lọ sílé ọdún. Ó po sìmẹ́ǹtì náà ṣàn-ánṣàn-án, ó dà á síbẹ̀, ó wọkọ̀. Nígbà tí òjò dé, omi tó ṣàn kọjá níbi tí màlúù ń sùn wọ inú kànga. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ọmọ. Wọ́n gbé méjì lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run kó wa yọ, kò sí èyí tó kú.

Ọ̀gá wa nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Morita. Ó ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ó ní kí wọ́n tú ẹnu kànga náà, kí wọ́n tún un ṣe, ó dúró tì wọ́n títí ó fi gbẹ. Wọ́n yẹ omi náà wò, ó mọ́ bí omi òjò. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé kò súnmọ́ ọn. Odò ni wọ́n padà sí, odò yẹn sì burú ju kànga lọ. Kí wọ́n lè padà síbi kànga náà, ó kù kí ẹnì kan lọ tọrọ àforíjì.

A wà nínú ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Morita wà níwájú, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn. Èmi àti Kàsímù wà lẹ́yìn. Sensei ti sọ fún mi ohun tí kóòtù dúdú àti ọwọ́ òfìfo ń sọ lọ́jọ́ àforíjì. Mo mọ ohun tí baba náà ń lọ ṣe.

Kàsímù fẹnu sí mi létí: "Kí ló fẹ́ ṣe?"

"Ó fẹ́ kúnlẹ̀, kó forí kanlẹ̀."

"Fún ta?"

"Fún alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kànga. Orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé."

"Sàbí? Ọmọ àná tí kò tíì gbéyàwó yẹn?" Ó fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́, Mẹ̀múnà. Má dá a lẹ́kun o. Jẹ́ kó ṣe é. Bó bá ti ṣe é tán, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ta ló po sìmẹ́ǹtì."

Ó yẹ kí n tẹ̀ síwájú nígbà yẹn, kí n sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má ṣe é níbí. Àgbà kì í dojú bolẹ̀ fún ọmọdé lọ́dọ̀ wa, èpè ni." Gbólóhùn méjì péré. Ṣùgbọ́n mi ò ní ara. Dígí kì í kọ ọ̀nà fún ẹni tó ń wòta. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ òótọ́: mo ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ náà á dàrú díẹ̀, bóyá nínú ìdàrúdàpọ̀ yẹn orúkọ Kàsímù á jáde. Mo wo ojú fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kún fún ebè iṣu, wọ́n ń sáré kọjá bí àwọn èèyàn tó lóṣòó.

Wọ́n ti ń dúró dè wá lábẹ́ igi òrí. Àwọn àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì, lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, àwọn ìyá dúró lẹ́yìn. Sàbí dúró níwájú. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nítorí pé ó mọ̀wé ni wọ́n ṣe fi ṣe alága. Ọ̀gbẹ́ni Morita tẹrí ba ní ìdúró. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní ó káre. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì sínú ilẹ̀ pupa, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Afẹ́fẹ́ pàápàá dúró.

Lémọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Subhanallah! Orí kì í kanlẹ̀ fún èèyàn! Ẹ gbé baba yẹn dìde!"

Ìyá arúgbó kan figbe ta: "Yéè! Àgbàlagbà ń dojú bolẹ̀ fún ọmọ! Ó ti ṣépè fún un! Nítorí pé a ò mu omi rẹ̀!"

Sàbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú baba náà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́! Baba, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí ayé mi bàjẹ́!"

Baba kò gbọ́ Nàgó. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹni tí òun ń bẹ̀ ti wálẹ̀ ju òun lọ. Ní ti ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi kò gbọ́dọ̀ gbé orí kí ẹni tó ń bẹ̀ tó gbé tirẹ̀. Ní tiwa, ọmọdé tó dọ̀bálẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dìde kí àgbà tó ní kó dìde. Olúkúlùkù ń dúró de ìkejì rẹ̀. Mo rí i lójú mi báyìí: orí funfun kan, orí dúdú kan, wọn kò jìnnà síra ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, adìyẹ kan gba àárín wọn kọjá, ó ń ṣa nǹkan jẹ. Ewé òrí kan já, ó ń yí, ó ń yí, ó pẹ́ kó tó kanlẹ̀. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, èmi nìkan ló sì lè sọ ọ́.

Baba náà wá sọ̀rọ̀ sínú ilẹ̀, mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní: "Èmi ni mo jẹ̀bi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò ṣẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu omi yín."

"Kí ló wí?" ni gbogbo wọn ń bi mí. "Tata, kí ló wí?"

Mi ò túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kò ṣẹ̀! Mo gbójú sókè, mo rí Kàsímù tó fara ti ọkọ̀, tó ń fi igi tayín. Ó dà bí ẹni pé bí mo bá sọ ọ́, ọwọ́ mi ni màá fi wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìyá Sàbí ló parí rẹ̀. Ó kígbe wọ àárín èrò, ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wọ́ ọ kúrò níwájú baba náà bí ẹni wọ́ ọmọ kúrò lẹ́nu iná. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Morita gbé orí, kò sí ẹnìkan níwájú rẹ̀ mọ́. Ó dìde. Erùpẹ̀ pupa wà níwájú orí rẹ̀, kò nù ún. Nínú ọkọ̀, ó sọ fún mi pé, "Wọn kò gbà á." Ìyẹn náà, mi ò dá a lóhùn.

Ẹnikẹ́ni kò fami níbi kànga yẹn mọ́. Kàsímù kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé ògbufọ̀ kò ṣàlàyé, pé ó fi ìgbéraga dákẹ́. Apá kan òótọ́ ni, ẹ rí i, ìyẹn ló sì fi dùn mí jù. Wọ́n gbé mi kúrò níbi iṣẹ́ inú abúlé, wọ́n fi mí sínú ọ́fíìsì pé kí n máa túmọ̀ ìwé ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Morita padà sílé, ó sì kú síbẹ̀. Kàsímù di agbaṣẹ́ṣe, ó di Alhaji, ó kọ́lé alájà sí Parakou. Ní ọjà Tchatchou, mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Òun ló gbé baba eléèpè yẹn wá." Obìnrin kan tí mo na omi sí lójú òùngbẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Alhaji, bí wọ́n bá ń ka èyí sí yín létí, ẹ̀bùn tẹ́ ẹ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì tú u.

Inú ọ́fíìsì yẹn ni ayé ti yí lójú mi. Ìwé atúmọ̀ èdè tó wúwo bí ọlọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì dé, mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn tí mi ò rí rí, bí ẹni ń gbọ́ ẹgbẹ́ ọ̀run. Kọ̀ǹpútà dé. Tẹlifóònù tó ń túmọ̀ fúnra rẹ̀ wá dé gbẹ̀yìn: ọ̀dọ́mọkùnrin Jàpáàn kan gbé e sẹ́nu bàbá àgbẹ̀ kan, ẹ̀rọ náà sì kí bàbá àgbẹ̀ bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Ta lọmọ yìí? Kò ní ìyá ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni kò ní ara. Ẹ̀kọ́ tí mo fi orúnkún ọdún mẹ́ta kọ́, wọ́n bí i mọ́ ẹ̀rọ náà ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn fẹ́ràn láti máa sọ pé ayé àtijọ́ ti tán ní ilẹ̀ àwọn. Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá rẹ̀ pè é láti ìlú wọn. Ó dìde lórí àga, ó ń tẹrí ba fún tẹlifóònù, ó ń tẹrí ba, nínú yàrá tí èmi nìkan wà. Idà kò sí, ìjòyè kò sí, ẹni tó ń tẹrí fún pàápàá kò sí níwájú rẹ̀. Ọrùn ṣì ń tẹ̀. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ ìyá kan tó ń sún fún ẹlẹ́ṣin tí kò sí mọ́.

Lẹ́yìn òjò tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọ àgbàlá mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Tata, Sàbí ni bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti ń kú. Ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ wá kí ojú òun tó kú tán."

Mo gun alùpùpù kékeré kan tẹ̀lé e. Ẹ̀rọ ìfami náà ṣì wà lẹ́nu abúlé, ìpẹtà ti bò ó, ewúrẹ́ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sàbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo mọ̀ ti di arúgbó ju èmi lọ. Àwọn ará ilé rẹ̀ dúró yí wa ká.

Ó ní, "Tata, oko mi ti jóná lẹ́ẹ̀mejì. Oyún méjì bàjẹ́ lára ìyàwó mi. Ojú mi nìyí. Gbogbo ẹ̀, mo ń gbé e lé baba yẹn lọ́wọ́. Wọ́n ní ó ti kú, kò sí ẹni tó máa ká èpè náà. Ẹ̀yin lẹnu rẹ̀. Kí ni mo fi ṣe é?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé láyé àwọn ìjòyè ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti na ọrùn rẹ̀ sábẹ́ idà ẹni tó ń bẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé fún ọ, kì í ṣe èpè. Mo sọ gbólóhùn tó sọ sínú ilẹ̀. Mo sọ ìdí tí mi ò fi túmọ̀ rẹ̀, mo dárúkọ ẹni tó po sìmẹ́ǹtì.

Sàbí ní, "Kàsímù? A mọ̀. Ta ni kò mọ̀? Ìyẹn kọ́ la ò mọ̀, Tata. Ohun tí baba yẹn ń fẹ́ lọ́wọ́ mi la ò mọ̀." Ó yí ojú tó ti funfun sí ọ̀dọ̀ mi. "Kí ló yẹ kí n ti sọ?"

"Ẹ dìde."

"Mo sọ ọ́. Mo pariwo rẹ̀."

"O sọ ọ́ ní Nàgó."

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "A jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń yan iṣẹ́, mo ti dé ọ́fíìsì àwọn ńlá, mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan gbé kalẹ̀. Kò sí gbólóhùn kankan tó wọ̀ mí lára bí èyí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ pupa náà, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, mo tẹrí sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n orí mi kò tíì kan ilẹ̀ tán tí Sàbí ti na ọwọ́, tó ń wá mi kiri nínú òkùnkùn rẹ̀.

"Ẹ dìde, Tata. Ẹ dìde, ẹ dìde!"

Orúnkún mi kò gbọ́ mọ́. Àwọn obìnrin méjì ló gbé mi. Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò bèèrè. Ó kàn ní kí wọ́n fún mi lómi. Ọmọbìnrin rẹ̀ bù ú wá nínú igbá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo bi í níbi tó ti pọn ọ́n. Ó ní odò ni. Omi náà pọ́n díẹ̀, èérún ewé wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún tán.